Ìrìn Àjò Odò: Bí A Ó Ṣe Fi Í Han Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ibi kíkà: Oníwàásù 1:7

Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè ran ọmọ lọ́wọ́ láti mọ ibi tí odò ti wá, ibi tí ó ń lọ, àti àwọn tí ń mu ún.

Àlàyé

Ọmọ ọdún márùn-ún ní Ìjẹ̀bú-Igbó tàbí Àgọ́-Ìwòyè mọ odò sí ibi tí a ti ń pọn omi. Kò tí ì mọ̀ pé omi náà ń rìnrìn àjò. Àwa òbí ni ó yẹ kí a fi hàn án.

Ẹ jẹ́ kí a mú odò Ọ̀ṣun. Ó sun ní Ìgèdè-Èkìtì, ó ṣàn gba Òṣogbo kọjá, odò Ẹrinlẹ̀ sì dà pọ̀ mọ́ ọn ní agbègbè Ẹdẹ. Ní Aṣéjirè, a sé e kí àwọn ará Ìbàdàn lè rí omi lò. Lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀ la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já, ó sì dà sínú ọ̀sà Lẹ́kí, ọ̀sà kan náà tí Ìwópìn ní Ogun Waterside wà létí rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń bá ọ̀sà lọ sí Èkó, kí ó tó wọ inú òkun. Ìrìn rẹ̀ ju kìlómítà 250 lọ. Odò Ọya, tí ó sun ní Guinea, gùn tó kìlómítà 4,180.

Ẹ má ṣe ka iye kìlómítà fún ọmọ kékeré. Bí òjò bá dá, ẹ ju ewé sínú àgbàrá, kí ẹ jọ tẹ̀ lé e. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú. A kì í fi ọmọ sílẹ̀ létí omi.

Nínú kíláàsì, ẹ to àwọn ọmọ ní ìlà: ọ̀kan ni Ìgèdè, ọ̀kan Òṣogbo, títí dé Ìwópìn. Kí wọ́n máa gbé igbá omi láti ọwọ́ dé ọwọ́. Kí Òṣogbo bu iyanrìn sí i. Nígbà tí ó bá dé Ìwópìn, ẹ bi í pé, “Ṣé ìwọ yóò mu ún?”

Èyí kì í ṣe àlọ́. Ìwakùsà wúrà ti ba omi Ọ̀ṣun jẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà, débi pé ní ọdún 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ pé kí ènìyàn má ṣe mu ún. Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Kí ọmọ mọ̀ pẹ̀lú pé ará wa ni àwọn tí ń gbé ní ìsàlẹ̀ odò.

Bí ọmọ bá bèèrè bóyá òrìṣà ni Ọ̀ṣun, ẹ má ṣe pa á lẹ́nu mọ́. Ẹ sọ fún un pé àwọn kan ń bọ ọ́ ní Òṣogbo, àti pé àwa gbà pé Ọlọ́run ni ó dá gbogbo omi.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Odò wo ni ó sún mọ́ ilé rẹ jù? Níbo ni ó ń ṣàn lọ?
2. Kí ni à ń dà sí i tí a kò ní fẹ́ kí ẹlòmíràn dà sí tiwa?
3. Kí ni ọmọ rẹ ń rí ọ tí o ń ṣe létí odò?