Ẹni Tí Ọmọ Ayò Rẹ̀ Kù Díẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń jókòó ti ọpọ́n ayò ní Igbó-Ọrà àti Èrúwà nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀, tí àwọn tó lọ sóko pákí ti ń wọlé, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ. Mo ti ń wo bí ẹ ṣe ń ta ayò. Ọwọ́ yín yá, ẹnu yín sì dùn. Ṣùgbọ́n ibi kan wà tí ayò ti máa ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́: ìgbà tí ọ̀rẹ́ yín bá kù díẹ̀ kó kógbá sílé, tó wá dìde sí yín bí akọni. Àwọn kan nínú yín á fi í rẹ́rìn-ín, wọ́n á ta èyí tó bá wù wọ́n. Ara àwọn mìíràn á máa gbọ̀n, wọ́n á máa sá káàkiri ojú ọpọ́n. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó ka ọmọ ayò.

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, àti pé ẹni tó bá jẹ 25 ló borí. Ṣùgbọ́n tí ara bá gbóná, ẹ kì í rántí mọ́. Ká ní o ti jẹ 21, ọ̀rẹ́ rẹ jẹ 16, ọmọ 11 ló ṣẹ́ kù. Ó rí ilé rẹ kan tí ọmọ méjì wà, ó ta tirẹ̀ débẹ̀, ó di mẹ́ta, ó kó o. Àwọn òǹwòran hó yèè. Ó dára, ẹ jẹ́ ká kà á: ó di 19, ọmọ 8 ló kù, mẹ́rin péré ni ìwọ ń wá, mẹ́fà lòun ń wá. Ìwọ lo ṣì wà níwájú. Ẹni tó bá bínú nítorí ọmọ mẹ́ta yẹn, tó fẹ́ gbẹ̀san lójú ẹsẹ̀, ni yóò ṣí ilé mìíràn sílẹ̀ fún un.

Síbẹ̀, ẹ má fojú tín-ín-rín ẹni tó dà bí ẹni tí kò ní nǹkan. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ilé márùn-ún rẹ̀ lè ṣófo, kí ìkẹfà, èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ pátápátá, ní ọmọ 14 nínú. Odù nìyẹn. Bó bá tú u, ẹyọ mẹ́fà á kọ́kọ́ bọ́ sí ilé rẹ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, márùn-ún á bọ́ sí tirẹ̀, á fo ilé tó ti gbéra, mẹ́ta tó kù á tún padà wá bá ilé rẹ mẹ́ta àkọ́kọ́. Bí ilé mẹ́ta wọ̀nyẹn bá ti ṣófo tẹ́lẹ̀, méjì-méjì ni wọn yóò dà, á sì kó mẹ́fà. Bí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá wà níbẹ̀, wọ́n á di mẹ́ta-mẹ́ta, á kó mẹ́sàn-án. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ méjì-méjì lo fi síbẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n á dà, kò ní rí ọmọ kan kó. Ẹ̀rù máa ń bà mí tí mo bá rí ọmọdé tó kó gbogbo ọmọ rẹ̀ kúrò ní ilé mẹ́ta yìí níwájú odù, tó rò pé òun ti fara pamọ́.

Èyí tó tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé kí o jẹ́ kí ebi pa odù náà. Nínú ilé kẹfà yẹn, bí ọmọ rẹ̀ bá wà láti 7 dé 11, ilé ẹni tó ni ín ni ọmọ tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, kò sì sí ẹni tó ń jẹ nínú ilé ara rẹ̀. Kí ni yóò wá mú un tú u láìtó àkókò? Àìrí nǹkan mìíràn ta ni. Bí ẹyọ kan ṣoṣo bá kù nílé rẹ̀ kẹrin, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló lè tì í kó tó wọ inú odù. Lẹ́yìn náà, odù nìkan ló kù fún un. Bí ìwọ bá ní ìrìn mẹ́ta tí o lè rìn nínú ilé tìrẹ láì fún un lọ́mọ, dákẹ́ kí o rìn ín. Àkókò ló ń lé e, kò lé ọ. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi nìyẹn: ìkánjú tirẹ̀ ni, ẹ má bá a jẹ nínú rẹ̀.

Ọ̀kan nínú yín gbé fóònù rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n wo káàdì tí wọ́n ń pè ní pókà. Mo wò ó, ọgbọ́n yìí kan náà ló wà níbẹ̀. Nínú ìdíje pókà, owó dandan wà, kékeré àti ńlá, tí a ń fi sílẹ̀ kí a tó rí káàdì, ó sì ń ga sí i bí eré ti ń lọ. Ẹni tí ṣíìpù rẹ̀, ẹyọ tí wọ́n fi ń ka owó nínú eré náà, kù díẹ̀ kò lè dúró, nítorí owó dandan á jẹ ẹ́ tán. Bó bá ti kù bí ìlọ́po mẹ́wàá owó dandan ńlá tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, á dúró de káàdì tó ṣe díẹ̀, á sì kó gbogbo ohun tó ní sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ká ní owó dandan kékeré jẹ́ 500, ńlá jẹ́ 1,000, ìwọ lo fi ńlá sílẹ̀, gbogbo àwọn yòókù sì ti ju káàdì nù. Ẹni tó kù díẹ̀ yìí kó 8,000 sílẹ̀. 9,500 ló wà láàárín, 7,000 ni o máa fi kún un. 7,000 nínú 16,500 jẹ́ bí 42 nínú 100. Bí káàdì rẹ bá lè borí irú káàdì tí ẹni tí ayé há mọ́ fi ń dìde ju ìgbà 42 lọ nínú 100, gbà á. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, jẹ́ kó máa lọ. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Èyí tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún jù ni ẹni tó ní 8,000 náà, àmọ́ tó fi 2,500 péré dìde. Ẹni tó há tí kò sì kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sábà máa ń ní káàdì gidi lọ́wọ́, ó sì ń fẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé òun. Bí kì í bá ṣe ìwọ lo ti fi owó dandan sílẹ̀, má kàn tẹ̀ lé e láti wo ohun tó ń bọ̀. Yálà kí o bá a dé òpin, tàbí kí o fi sílẹ̀.

Kí ẹ má sì rò pé ẹni tó kù díẹ̀ ti kú: ní 1982, ní ilé tẹ́tẹ́ Binion's Horseshoe ní Las Vegas, ènìyàn 104 ló wọ ìdíje pókà àgbáyé. Ó kù ṣíìpù kan ṣoṣo fún Jack Straus, ará Amẹ́ríkà. Òun náà ló gba ipò kìíní, pẹ̀lú 520,000 dọ́là.

Mi ò ní kí ẹ gbé owó pákí lọ sídìí káàdì o. Iyì ni àwọn baba wa ní Ìbàràpá fi ń ta ayò: ẹni tó borí ni ọ̀ta, ẹni tó pàdánù ni ọ̀pẹ, kálukú á sì lọ jẹ láfún rẹ̀ nílé. Bí mo ṣe ń rí i tí ẹ ń fi owó ọkọ̀ ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, ó ń dùn mí gan-an.

Ó ku ọ̀rọ̀ àánú. Àwọn ọlọ́kàn rere nínú yín máa ń dẹwọ́ tí wọ́n bá rí i pé ojú ọ̀rẹ́ wọn ti ń rẹ̀wẹ̀sì. Ayò ti ní ibi tí àánú ti wọ òfin rẹ̀: bí ilé ẹnìkejì bá ṣófo pátápátá, o gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò fún un lọ́mọ, bó bá ṣeé ṣe. Ẹ dúró di ìgbà yẹn. Nígbà náà pàápàá, ẹ yan ohun tí ẹ máa fún un. Ẹyọ kan tó bọ́ sí ilé rẹ̀ àkọ́kọ́ á rin ìrìn mẹ́fà kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá da ọmọ mẹ́fà fún un lẹ́ẹ̀kan náà nítorí kí wọ́n lè yìn ọ́, èyí tó bọ́ sí ilé rẹ̀ kẹfà kò ju ìrìn kan lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ, bí ẹyọ kan bá sì wà nílé rẹ àkọ́kọ́, ó ti di méjì, ọ̀rẹ́ rẹ ti jẹ ẹ́.