Àpótí Ìmọ̀: Agolo Agbọ́ílì
Ọkọ̀ dísẹ̀lì tí ẹ́ńjìnnì ń yí taya rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irú Toyota Hilux, ló yẹ ọ̀nà oko Ìwéré-Ilé nígbà òjò. Nínú ẹ́ńjìnnì rẹ̀, èéfín díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìnì, á gbé ìkùukùu ọ́ìlì dání, hóòsì kan á sì dá a padà sọ́nà afẹ́fẹ́. Bí ọ́ìlì yìí bá pàdé èédú inú èéfín sàlẹ́ńsà tí ẹ̀yà ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní EGR ń dá padà, á di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí ọ̀nà náà. Agolo agbọ́ílì alásẹ́ tí a so mọ́ hóòsì yìí, kó tó dé tọ́bò, ló ń gba ọ́ìlì náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe dí hóòsì náà pa láé: èéfín tó há á ti síìlì jáde, ọ́ìlì á sì máa jò. Ẹ yẹ agolo wò nígbàkígbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì. Ẹ má da ohun inú rẹ̀ padà sínú ẹ́ńjìnnì.