Wúrà Tí Ó Dé Lẹ́yìn Ọdún Méjìlá

Ẹ̀KỌ́ KẸRÌNLÁ

Ọ̀rọ̀ tuntun

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sókè ní ẹ̀ẹ̀mejì kí a tó bẹ̀rẹ̀.

àmì ẹ̀yẹ: ohun tí a ń fi kọ́ ọrùn ẹni tí ó borí nínú ìdíje. Wúrà ni ti ẹni kìíní, fàdákà ni ti ẹnì kejì, idẹ ni ti ẹnì kẹta.

Òlíńpíìkì: ìdíje ńlá tí àwọn eléré gbogbo ayé ń ṣe ní ọdún mẹ́rin-mẹ́rin.

eré ọ̀pá: eré sísá tí ènìyàn mẹ́rin ń sá fún ilẹ̀ kan. Ẹni kìíní yóò sáré, yóò gbé ọ̀pá kékeré kan lé ẹnì kejì lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ títí dé ẹnì kẹrin.

ìṣẹ́jú àáyá: bí a bá pín ìṣẹ́jú kan sí ọ̀nà 60, ìdá kan nínú rẹ̀ ni ìṣẹ́jú àáyá kan.

oògùn agbára: oògùn tí eléré ń lò ní ìkọ̀kọ̀ kí ó lè ní agbára tí kì í ṣe tirẹ̀.

òǹwòran: ẹni tí ó ń wo eré.


1. Àkùkọ àáró

A mọ̀ pé láti oko ni púpọ̀ nínú yín ti ń bọ̀.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ṣe àáró ní oko kan lẹ́bàá Tchetti níbí. Ebè iṣu ni a ń kọ. Olóko fi àkùkọ ńlá kan lélẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá kọ ebè jù lọ kí oòrùn tó wọ̀ ni yóò gbé e lọ sílé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà láàárín wa tí kò sinmi rárá. Nígbà tí a jókòó jẹun, kò jókòó. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ó ti fi ogún ebè ju gbogbo wa lọ. A pàtẹ́wọ́ fún un. A gbé àkùkọ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó ṣe ìkejì jẹ́ bàbá kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun. Ó gbé ọkọ́ rẹ̀ lé èjìká, ó ń lọ sílé, kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì ni a gbọ́ pé ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò lè dìde. Ara rẹ̀ ń gbọ̀n, àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì. Ó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun gbé oògùn kan mì kí òun tó lọ sí oko, irú èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lọ́jà, tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ àárẹ̀. Ara rẹ̀ padà bọ̀ sípò, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n àkùkọ ti di ọbẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe dá àkùkọ tí a ti jẹ padà fún bàbá yẹn? Ẹ fi ìbéèrè yìí sọ́kàn. Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí níwájú gbogbo ayé.


2. Eré ọ̀pá ní Sydney

Ní ọdún 2000, a ṣe Òlíńpíìkì ní ìlú Sydney, ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án, ó kan eré ọ̀pá àwọn ọkùnrin. Olúkúlùkù yóò sá mítà 400, ìyẹn ni pé yóò yí pápá ká ní ẹ̀ẹ̀kan.

Àwọn mẹ́rin tí wọ́n sáré fún Nàìjíríà ní ọjọ́ náà ni Clement Chukwu, Jude Monye, Sunday Bada àti Enefiok Udo-Obong. Àwọn méjì mìíràn, Nduka Awazie àti Fidelis Gadzama, ti ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú eré tí ó ṣáájú. Bada ni àgbà láàárín àwọn mẹ́rin náà. Ọdún 1969 ni a bí i. Ní ọdún 1997, ní ìlú Paris, ó ti gba wúrà nínú eré mítà 400 ti gbogbo ayé, èyí tí a ń sá nínú ilé.

Udo-Obong ni ó gba ọ̀pá kẹ́yìn. Nígbà tí eré parí, báyìí ni ó rí:

Amẹ́ríkà: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 56.35.
Nàìjíríà: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.68.
Jàmáíkà: ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 58.78.

Kí ẹ tó ṣẹ́ ojú lẹ́ẹ̀kan, ohun tí ó wà láàárín Nàìjíríà àti Jàmáíkà ti kọjá lọ. Títí di ọjọ́ náà, kò sí ilẹ̀ Áfíríkà kan tí ó sá eré yìí yá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí nígbà náà. Inú rédíò ni bàbá mi ti gbọ́ ọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí ènìyàn ṣe ìkejì ní gbogbo ayé kì í ṣe ohun kékeré. Kò sí ẹni tí ó mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe ìkejì ni wọ́n ṣe.


3. Òtítọ́ bá irọ́ lọ́nà

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin tí wọ́n sáré fún Amẹ́ríkà ni Antonio Pettigrew. Wọ́n ti yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò ní ọ̀pọ̀ ìgbà, wọn kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, wọ́n pè é sí ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà láti jẹ́rìí nínú ẹjọ́ ẹni tí ó ń kọ́ ọ ní eré sísá. Ó búra, ó sì jẹ́wọ́. Ó ní òun ti lo oògùn tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pupa pọ̀ sí i, àti èyí tí ń mú ara dàgbà. Ìgbà tí ó ń lò ó kan ọdún 2000.

Ní oṣù kẹjọ ọdún náà, Àjọ Òlíńpíìkì gba wúrà lọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà. Michael Johnson, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wọn, kò lo oògùn kankan. Síbẹ̀ ó ti sọ ṣáájú pé òun yóò dá ti òun padà, nítorí òun kò fẹ́ ohun tí a kò fi òtítọ́ gbà. Ẹ rí i pé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ ja òun náà lólè.

Ọdún mẹ́rin tún kọjá. Ní ọjọ́ 21 oṣù keje ọdún 2012, Àjọ Òlíńpíìkì kéde pé Nàìjíríà ni ó ni wúrà Sydney, Jàmáíkà ni ó ni fàdákà, Bàhámà ni ó ni idẹ.

Ayọ̀ dé. Ṣùgbọ́n Sunday Bada kò gbọ́ ọ. Ó ti kú ní ọjọ́ 12 oṣù kejìlá ọdún 2011. Oṣù méje péré ni ó kù. Pettigrew pẹ̀lú ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2010. Ẹni ọdún 42 ni olúkúlùkù wọn nígbà tí ó kú.

Àwọn àgbà ní, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan lè ti lọ kí ọjọ́ náà tó pé. Wúrà lè dé lẹ́yìn ọdún 12. Àsíá wọn tí kò ga ju ti àwọn yòókù lọ ní Sydney ńkọ́? Orin ilẹ̀ wọn tí a kò kọ ńkọ́? Àwọn yẹn kì í padà.


4. Àwọn òǹwòran ńkọ́?

Kì í ṣe eléré nìkan ni a ń jà lólè. A ń ja òǹwòran pẹ̀lú.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n fẹ́ràn eré kan tí wọ́n ń pè ní bésíbọ́ọ̀lù. Ẹnì kan yóò ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn yóò fi igi lù ú. Bí ó bá lù ú kọjá ògiri pápá, ariwo yóò ta. Ní ọdún 1961, Roger Maris lù ú kọjá ní ìgbà 61 nínú sáà eré kan. Fún ọdún 37, kò sí ẹni tí ó ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1994, àwọn eléré daṣẹ́ sílẹ̀, inú bí àwọn èrò, púpọ̀ kò fẹ́ wo eré náà mọ́. Ọdún 1998 ni ó mú wọn padà. Ní ọdún náà, Mark McGwire àti Sammy Sosa ń lé Maris. McGwire lu bọ́ọ̀lù kọjá ní ìgbà 70, Sosa ní ìgbà 66. Bàbá gbé ọmọ lọ sí pápá kí ó lè rí i. Maris ti kú ní ọdún 1985, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí McGwire kọjá 61. McGwire lọ dì mọ́ wọn. Àwọn èrò sunkún ayọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2010, McGwire jẹ́wọ́ pé òun lo oògùn agbára, àti ní ọdún 1998 pàápàá.

Títí di òní, àwọn tí wọ́n wo eré náà kò sọ ohun kan náà. Àwọn kan ní, “Ayọ̀ tí mo yọ̀ pẹ̀lú ọmọ mi, ayọ̀ tòótọ́ ni. Ẹnikẹ́ni kò lè gbà á.” Àwọn mìíràn ní, “Bí mo bá rántí rẹ̀, ojú ń tì mí.” Àwọn kan tún ní, “Ẹ dá orúkọ Maris padà sí ipò rẹ̀.” Ẹ̀yin náà yóò sọ tiyín ní ìparí ẹ̀kọ́ yìí.


5. Ó ti wọ ilé tiwa náà

Ẹ má ṣe rò pé àwọn ará Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń ṣe é.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn obìnrin Nàìjíríà mẹ́rin sáré ọ̀pá nínú ìdíje àwọn ilẹ̀ Commonwealth. Orúkọ wọn ni Tobi Amusan, Favour Ofili, Rosemary Chukwuma àti Grace Nwokocha. Wọ́n gba wúrà. Lẹ́yìn náà, wọ́n yẹ ohun tí wọ́n gbà lára Nwokocha wò, wọ́n sì rí oògùn tí a kà léèwọ̀. Wọ́n gba wúrà lọ́wọ́ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n gbé e fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ní Sydney, ẹlòmíràn ja Nàìjíríà lólè. Ní Birmingham, Nàìjíríà ni ó pàdánù nítorí ọmọ ilé tirẹ̀. Eré ọ̀pá dà bí àáró: bí ọwọ́ ẹnì kan bá dọ̀tí, iṣẹ́ gbogbo wa ni ó dọ̀tí.


6. Oògùn orí àtẹ

Oògùn agbára kì í fúnni ní agbára lásán. Ó ń yá a ni, yóò sì gba èlé. Èyí tí ń mú ẹ̀jẹ̀ pọ̀ máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ki. Ọkàn yóò máa ṣe làálàá láti tì í kiri, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì nínú iṣan. Èyí tí ń mú ẹran ara le lè ba ẹ̀dọ̀ àti ọkàn jẹ́. Lára obìnrin, ó lè sọ ohùn di ti ọkùnrin.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa, tramadọ́ọ̀lù ni àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí wọ́n tó lọ sí oko tàbí kí wọ́n tó gun alùpùpù. Oògùn ìrora ni. Dókítà ni ó yẹ kí ó fúnni. Kì í mú àárẹ̀ kúrò, ó ń bò ó mọ́lẹ̀ ni. Bí a bá lò ó jù, ó lè mú gìrì wá, ó sì lè dá èémí dúró. Bí ó bá mọ́ ènìyàn lára, kò rọrùn láti fi sílẹ̀. Bí ara bá ń ro yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ra oògùn lórí àtẹ.


7. Ìparí ọ̀rọ̀ àkùkọ

Nígbà tí ara ọ̀dọ́mọkùnrin náà yá, ó ra àkùkọ mìíràn. Ó gbé e lọ sí ilé bàbá náà ní alẹ́, ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, tiyín nìyí.”

Bàbá gbà á, ó sì dúpẹ́. Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Àkùkọ ti dé. Àtẹ́wọ́ ńkọ́?”

Nígbà tí a tún ṣe àáró, ọ̀dọ́mọkùnrin náà dìde níwájú gbogbo wa, ó sọ ohun tí ó ṣe. Kò rọrùn fún un. Lẹ́yìn náà, òun ni ó kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́ fún bàbá yẹn, gbogbo wa sì tẹ̀lé e. Bàbá ṣì wà láàyè láti gbọ́ ọ.


Ìbéèrè

1. Àwọn mẹ́rin wo ni wọ́n sáré fún Nàìjíríà ní Sydney ní ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 2000?

2. Ọdún mélòó ni ó wà láàárín eré náà àti ọjọ́ tí a kéde pé wúrà di ti Nàìjíríà?

3. Ẹ yọ 58.68 kúrò nínú 58.78. Mélòó ni ó kù?

4. Kí ni ó mú kí Michael Johnson dá àmì ẹ̀yẹ tirẹ̀ padà nígbà tí kò lo oògùn?

5. Kí ni Sunday Bada pàdánù tí a kò lè dá padà?

Fún ìjíròrò: Bí ẹ bá ti pàtẹ́wọ́ fún ẹnì kan, tí ẹ wá gbọ́ lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pé ó rẹ́ yín jẹ, kí ni ẹ ó ṣe pẹ̀lú ayọ̀ ọjọ́ náà?

Iṣẹ́ ilé: Ẹ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa iṣẹ́ kan tí ẹ fi agbára ara yín ṣe tí inú yín sì dùn sí. Ẹ mú un wá sí kíláàsì.