Ta Ló Ní Eruku Ń Yòrò?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ló ní lórí rédíò, ní àárọ̀ ọyẹ́, pé eruku Sàhárà "ń yòrò sínú Òkun Àtìláńtíìkì, irin inú rẹ̀ sì ń bọ́ ẹja." Etí mi kọ̀ ọ́. Èwo ni yòrò? Ẹ bu erùpẹ̀ sómi, ẹ rò ó títí, omi á kàn dàrú ni. Ẹ fi í sílẹ̀ kó tòrò, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á wà nísàlẹ̀.

Iyọ̀ ló ń yòrò: ojú ò rí i mọ́, ahọ́n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹni tí àìsàn ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ń yòrò. Yọ́ ní tirẹ̀, ooru ló ń ṣe é: òrí yọ́, àbẹ́là yọ́, òjé yọ́. "Ṣúgà ti yọ́ nínú tíì" máa ń bí mi nínú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń sọ ọ́ báyìí. Mo ti gbà fún wọn.

Ti eruku ni n kò gbà. Bódélé ní ilẹ̀ Chad, ìsàlẹ̀ adágún ńlá àtijọ́ tó ti gbẹ, wà lára ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e, tó ń gba orí ilé wa kọjá lásìkò ọyẹ́. Irin tó nǹkan bí ìdá 4 nínú 100 eruku Sàhárà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ti dípẹtà. Ìpẹtà yìí ló mú kí eruku náà pọ́n. Ìpẹtà kì í sì í fẹ́ yòrò nínú omi òkun. Èyí tó pọ̀ jù ń rì. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń yòrò, àgàgà bí ásíìdì inú afẹ́fẹ́ bá ti jẹ ẹ́ lọ́nà. Nígbà mìíràn, eruku tó ń rì a tún máa lẹ̀ mọ́ irin tó ti yòrò tẹ́lẹ̀, a sì wọ́ ọ lọ ìsàlẹ̀.

Díẹ̀ yẹn kì í ṣe kékeré o. Lọ́pọ̀ ibi lágbami, lítà omi mílíọ̀nù 10 lè má ní gíráàmù irin kan ṣoṣo. Ní 1988, John Martin, onímọ̀ òkun ará Amẹ́ríkà, fi ṣàwàdà pé kí wọ́n fún òun ní irin tó kún ìlàjì ọkọ̀ òkun agbépo, òun á dá sáà yìnyín padà, nítorí ewéko ojú omi tí irin bá bọ́ a máa fa gáàsì tó ń mú ayé gbóná mọ́ra.

Nítorí náà, irin díẹ̀ yòrò, eruku rì. Ti "bọ́ ẹja" ńkọ́? Ewéko wínníwínní ojú omi ló ń jẹ irin náà; ẹja ń jẹ ẹni tó jẹ ẹni tó jẹ ẹ́. Ìyẹn náà, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa sáré kọjá rẹ̀.