Nígbà tí Ẹ̀jẹ̀ Kò Bá Jẹ́rìí

Agbára kan wà nínú ara wa tí ń bá àrùn jà. Nígbà mìíràn agbára yìí a ṣìnà, a sì dojú ìjà kọ ara tí ó yẹ kí ó dáàbò bò. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn Sjögren rí, tí a fi orúkọ Henrik Sjögren pè, oníṣègùn ojú ní ilẹ̀ Swídìn, ẹni tí ó kọ ìwé nípa àwọn obìnrin 19 tí ó ní i ní ọdún 1933.

Àwọn kókó tí ń sun omijé àti itọ́ ni ó ń bàjẹ́. Ojú a máa ta aláìsàn bí ẹni pé iyanrìn wọ̀ ọ́; kò lè gbé búrẹ́dì mì láìfi omi sìn ín; eyín rẹ̀ a máa jẹrà, oríkèé a máa ro ó, àárẹ̀ tí oorun kì í mú kúrò a sì dé bá a. A ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti wá ohun ìjà kan tí ara ń ṣe, èyí tí à ń pè ní anti-SSA. Bí a kò bá rí i, wọn a wí fún un pé, “Ìyá, kò sí ohun tí ó ṣe yín.” Láti ọjọ́ náà ni àwọn ará ilé a ti máa fi ojú ọ̀lẹ wò ó. Lójú tèmi, ìyà èyí kò kéré sí ti àrùn náà.

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe díẹ̀ nínú àwọn tí ó ní àrùn yìí ni a kò rí anti-SSA nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Nínú ìlànà tí àwọn oníṣègùn Amẹ́ríkà àti Yúróòpù gbé jáde fún ìwádìí ní ọdún 2016, máàkì 4 ni a ń fẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ní 3. Ètè ní 3. Àyẹ̀wò méjì fún ojú àti ọ̀kan fún ìwọ̀n itọ́ ní 1, 1. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ ṣírò rẹ̀: bí ẹ̀jẹ̀ bá dákẹ́, kò sí bí a ṣe lè dé 4 láìsí ètè.

Oníṣègùn a fi abẹ́rẹ́ mú kí ètè ìsàlẹ̀ kú, kí ó má baà dun aláìsàn. A là á díẹ̀ láti inú, a sì yọ àwọn kókó itọ́ kéékèèké. Lábẹ́ awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá, a ń wá ibi tí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ gbé ṣùjọ. Ètè lè máa kú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn oògùn kan, àti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis C, lè mú ẹnu gbẹ pẹ̀lú; ẹ kọ orúkọ gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sílẹ̀ kí ẹ tó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìwé ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo dá yín padà sílé, nítorí àrùn náà lè dá ọgbẹ́ sí ẹyinjú, nínú àwọn díẹ̀ ó sì lè di jẹjẹrẹ tí à ń pè ní lymphoma.