Ajá Etí Òkun àti Àwọn Tí Ń Gbà Á Là

Ẹni tí ó bá fẹ́ dé Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ yóò fi ọkọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Igbókòdá, yóò sì wọ ọkọ̀ ojú omi. Lójú ọ̀nà, yóò rí àwọn ilé tí a kọ́ sórí òpó, tí omi ń ṣàn kọjá lábẹ́ wọn, àti àwọn apẹja tí ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Bí ó bá fara balẹ̀ wò, yóò rí ajá pẹ̀lú, tí ó nà gbalaja lórí afárá onípákó, tí ń ṣọ́ ilé olówó rẹ̀.

Ilẹ̀ tí irú ajá bẹ́ẹ̀ lè tẹ̀ kò pọ̀, ó sì ń dín kù. Ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ ni ó tẹ Ayétòrò dó ní ọdún 1947, òkìkí ìlú náà sì kàn nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì jọ ń jẹ èrè rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún báyìí tí òkun ti ń jẹ ìlú náà. Ó ti gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé lọ, ó gbé ilé ẹ̀kọ́, kò sì dá ibojì àwọn òkú sí. Nígbà tí ìgbì bá ya wọ ilé lóru, ọmọ ni a ó kọ́kọ́ gbé sínú ọkọ̀, lẹ́yìn náà arúgbó, lẹ́yìn náà àwọ̀n àti ẹ̀rọ tí a fi ń wá oúnjẹ. Ọkọ̀ a sì kún. Ta ni yóò rántí ajá? Kò tọ́ kí ẹnikẹ́ni bá olórí ilé wí nítorí rẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí ó bá lẹ́ni lẹ́yìn a pa ọ̀bọ. Èyí tí omi lé kúrò nílé kò lẹ́nì kankan.

Níbi tí ọwọ́ olówó ajá kò tó mọ́ ni iṣẹ́ àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn láti gba ajá là ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Èkó, tí òun àti Ìlàjẹ jọ wà ní etí òkun kan náà, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ wà. Ọ̀kan nínú wọn ni St. Mark's Animal Rescue Foundation. Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ afẹ́. Ajá tí ọkọ̀ dá lẹ́sẹ̀, tí eégbọn bo etí rẹ̀, tí irun ti re lára rẹ̀, a máa fẹ́ bu ẹni tí ó wá ràn án lọ́wọ́ jẹ. Onítọ̀hún yóò lóṣòó lókèèrè, yóò ju oúnjẹ sí i, yóò sì dúró títí ajá náà yóò fi gbà kí a fi okùn sí òun lọ́rùn. Lẹ́yìn èyí ni ìwẹ̀, oògùn aràn, abẹ́rẹ́, títẹ̀ ní ọ̀dá, àti wíwá olówó tuntun, èyí tí ó sábà máa ń le jù gbogbo ìyókù lọ. Kò sí owó oṣù nídìí rẹ̀.

Ẹ̀gàn ni a fi ń san án fún wọn nígbà mìíràn. Ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, níbi tí a ti ń fi ajá bọ Ògún, tí ọ̀pọ̀ sì ń jẹ ẹran rẹ̀, kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò béèrè pé kí ni ti ìyà ajá nígbà tí ọmọ ènìyàn kò tíì yó. Ìbéèrè náà kò burú. Ìdáhùn rẹ̀ kan sì wà tí kò ní í ṣe pẹ̀lú àánú rárá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé, àrùn dìgbòlugi ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dọọdún, ajá ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo rẹ̀ ran ènìyàn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ẹran tí a fura sí bá bù jẹ, nǹkan bí mẹ́rin ni kò tíì pé ọdún 15. Ẹni tí ajá bá bù jẹ gbọ́dọ̀ fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ó sì lọ gba abẹ́rẹ́ lójú ẹsẹ̀, nítorí pé bí àmì àrùn náà bá ti yọ, ikú ni ó kù. Bẹ́ẹ̀, bí a bá gún ajá 70 nínú 100 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kì í rí ọ̀nà tàn mọ́. Ajá tí kò ní olówó ni kò sí ẹni tí yóò mú un wá gba abẹ́rẹ́. Òun náà ni ebi yóò lé dé abúlé kejì.

Kì í ṣe òkun Ìlàjẹ nìkan ni ó ti gbé ọ̀rọ̀ yìí ka iwájú ènìyàn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2005, ìjì Katrina mú kí omi bo ìlú New Orleans ní Amẹ́ríkà. A kò gba ajá láyè nínú ọ̀pọ̀ ibùdó ààbò, àwọn kan sì kọ̀ láti fi ilé sílẹ̀ nítorí ajá wọn, wọ́n fi ẹ̀mí ara wọn wewu. Àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn wá láti ọ̀nà jíjìn, wọ́n ń wa ọkọ̀ kékeré kiri láti òrùlé dé òrùlé. Ní ọdún 2006, ìjọba ibẹ̀ ṣe òfin pé ètò kíkó ènìyàn kúrò nínú ewu gbọ́dọ̀ ro ti ẹran ilé wọn mọ́ ọn.

Kò sí ẹni tí yóò kọ́ ará Ìlàjẹ ní ọkọ̀ wíwà. Yìnyín ni ìṣòro ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kò gbọdọ̀ gbóná. Láàárín 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a ń pa á mọ́ sí. Láti Igbókòdá títí dé ẹnu òkun, inú kúlà ni yóò máa gbé, oòrùn orí omi sì mú. Ẹni tí ó gbé kúlà náà lé itan nínú ọkọ̀ yóò gúnlẹ̀, yóò gun orí afárá onípákó, yóò sì máa kan ilẹ̀kùn láti ilé dé ilé kí yìnyín tó yọ́ tán.