Ẹsẹ̀ àti Ọ̀pá Ọkọ̀ Ìṣeré: Dídán Wọn àti Ìlò Wọn fún Kíkọ́ Àròkọ Aṣàlàyé

Ìfáàrà

Àròkọ aṣàlàyé wà lára àwọn àròkọ tí akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ girama gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kọ ní èdè Yorùbá. Bí a ṣe ń se ọbẹ̀, bí a ṣe ń dáko àti bí a ṣe ń rẹ aṣọ láró ni orí-ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ sábà máa ń yàn. Orí-ọ̀rọ̀ wọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó dàgbà sí Bódìjà, Agbowó tàbí Challenge ní ìlú Ìbàdàn kò fojú rí ìkòkò aró rí. Ohun tí ó há sórí láti inú ìwé ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ń kọ sílẹ̀, kì í ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀. Àpilẹ̀kọ yìí dábàá iṣẹ́ kan tí ọmọ ìgboro lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kí ó tó kọ ọ́: títún ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ọkọ̀ ìṣeré ṣe kí ọkọ̀ náà lè sáré geere. Nínú iṣẹ́ yìí, 'ọ̀pá' ni irin tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ń yí lé lórí. 'Ihò ẹsẹ̀' sì ni ihò àárín ẹsẹ̀ tí ọ̀pá gbà kọjá.

Ọkọ̀ Ìṣeré nílé àti lókè òkun

Ó pẹ́ tí àwọn ọmọdé ilẹ̀ Yorùbá ti ń fi agolo mílíìkì àti agolo sadíìnì ṣe mọ́tò. Ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, tàbí rọ́bà róbótó tí a gé lára sílípáàsì tí ó ti já, ni wọ́n fi ń ṣe ẹsẹ̀. Ìṣó, wáyà líle tàbí irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá.

Ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, irú eré yìí ti di ìdíje tí ó ní òfin. Ní ọdún 1953, ní ìlú Manhattan Beach, ìpínlẹ̀ California, Don Murphy tí ó jẹ́ aṣáájú nínú ẹgbẹ́ Cub Scout dá eré ìje ọkọ̀ onígi sílẹ̀, nítorí pé ọmọ rẹ̀ kéré sí ẹni tí wọ́n lè gbà sí ìdíje ọkọ̀ ńlá tí àwọn ọmọ ń wọ̀. Ìtì igi kékeré kan, ẹsẹ̀ oníke mẹ́rin àti ìṣó mẹ́rin ni ọmọ kọ̀ọ̀kan ń gbà. Ìwọ̀n ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ounce 5 lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bíi gíráàmù 142. Kò sí ẹ́ńjìnnì nínú rẹ̀. Orí òkè dídà ni wọ́n ti ń tú u sílẹ̀. Nítorí náà, ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ há lára ọ̀pá kò lè borí, bí ó ti wù kí ara rẹ̀ lẹ́wà tó.

Ní Ìbàdàn, igi arère tí ó fúyẹ́, tí kò sì le láti gbẹ́, ni ó bá iṣẹ́ yìí mu jù. Olùkọ́ lè rí àjákù rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn onípákó ọjà Bódìjà.

Ìdí tí dídán fi ṣe pàtàkì

Bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ń yí, inú ihò rẹ̀ ń ha ara ọ̀pá. Ìfarakanra yìí ni ó ń jẹ agbára tí ọkọ̀ gbà láti orí òkè wá. Bí a bá mú ẹsẹ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 30, yóò rin nǹkan bíi mìlímítà 94 ní ìyípo kan. Kí ọkọ̀ tó rin mítà 10, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò ti yí tó ìgbà 106. Èyí fi hàn pé gbúngbùn kékeré kan lára ọ̀pá, tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí, yóò dí ọkọ̀ lọ́wọ́ ju ọgọ́rùn-ún ìgbà lọ.

Àwọn ìgbésẹ̀ iṣẹ́ náà

Èkínní ni ọ̀pá. Bí ènìyàn bá fi èékánná tọ́ abẹ́ orí ìṣó tuntun, yóò rí i pé ó ṣe págunpàgun. Ibi tí ẹ̀rọ ti di ìṣó mú nígbà tí ó ń lu orí rẹ̀ ni. Fáìlì kékeré ni a ó fi yùn ún kúrò. Lẹ́yìn náà, a ó yí ìṣó náà lórí gíláàsì láti mọ̀ bóyá ó gún. Èyí tí ó bá ń fò sókè ti wọ́. Sáńpépà ni ó kàn. Bí nọ́ńbà ẹ̀yìn sáńpépà bá ti ń pọ̀ sí i ni yanrìn rẹ̀ ń kúnná sí i. Nítorí náà, a ó bẹ̀rẹ̀ láti orí 220, a ó bọ́ sí 400, kí a tó dé 600 tàbí 1000. A ó gé sáńpépà ní tẹ́ẹ́rẹ́, a ó fi yí ìṣó po, a ó sì máa fà á síwá sẹ́yìn bí ẹni ń dán bàtà. Ní ìparí, a ó fi àkísà àti ọṣẹ ìfọyín dán an, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì nù ún gbẹ.

Èkejì ni ẹsẹ̀. Ihò rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní àárín gan-an. Bí ó bá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ọkọ̀ yóò máa tiro. Rọ́bà sílípáàsì a máa di irin mú, nítorí náà ó yẹ kí a ki ike tín-ín-rín oníhò kan, bí ara bírò tí a gé, bọ inú rẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé ike ni yóò máa yí lórí irin. A ó fi òwú fa inú ihò náà títí tí ìdọ̀tí yóò fi tán.

Ẹ̀kẹta ni ohun tí ń mú un yọ̀. Òróró, òrí àti gíríìsì a máa kó eruku jọ, eruku yìí á sì di yanrìn tuntun nínú ihò. Ìyẹ̀fun dúdú tí a rẹ́ lára pẹ́ńsù, pàápàá èyí tí ó rọ̀ bíi 2B, ni ó dára jù. Amọ̀ wà nínú pẹ́ńsù pẹ̀lú, nítorí náà a gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná.

Ẹ̀kẹrin ni kíkàn án mọ́ igi. Ọ̀pá gbọ́dọ̀ gún régé. Àlàfo tín-ínrín, tí káàdì kan lè gbà kọjá, gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹsẹ̀ àti ara ọkọ̀.

Èdè tí iṣẹ́ yìí ń kọ́ni

Akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ pé, 'mo tún un ṣe', kí ó sì kọjá lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ kò gba irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀. Fáìlì ni a fi ń yùn, ọ̀bẹ ni a fi ń fá, sáńpépà ni a fi ń ha, àkísà ni a fi ń nù. Ọ̀rọ̀-ìṣe kọ̀ọ̀kan ti tọ́ka sí ohun èlò rẹ̀. Bákan náà ni 'dán' àti 'jọ̀lọ̀' yàtọ̀ síra: ìṣó tí a kùn lọ́dà lè máa dán gbinrin síbẹ̀ kí ó má jọ̀lọ̀. Ojú ni a fi ń mọ èkínní, ọwọ́ ni a fi ń mọ èkejì. Ibí yìí náà ni olùkọ́ ti lè sọ̀rọ̀ nípa ewé ìpín, tí àwọn agbẹ́gilére fi ń mú igi jọ̀lọ̀ kí sáńpépà tó dé.

Ètò ìgbésẹ̀ náà kì í ṣe ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ lè yí bí ó bá ti wù ú. Ẹni tí ó fi sáńpépà 600 ṣáájú fáìlì yóò tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ ni. Báyìí ni 'lẹ́yìn náà', 'kí a tó' àti 'títí tí... yóò fi' ṣe ń di ohun tí ó ní ìdí lójú rẹ̀.

Ìlànà ìkọ́ni

Ìpàdé mẹ́ta tó. Ní àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò tú ọkọ̀ tí wọn kò tí ì dán ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lórí pákó dídà ní ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn yóò sì wọn ibi tí ó dé. Ní èkejì, wọn yóò dán ọ̀pá nìkan, wọn yóò tún un dánwò, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ẹsẹ̀, kí wọ́n lè mọ ohun tí ó fa ìyàtọ̀. Ní ẹ̀kẹta, wọn yóò kọ àròkọ, wọn yóò sì fi í fún ẹgbẹ́ mìíràn láti fi ṣe ọkọ̀ tuntun. Bí ọkọ̀ náà bá dúró lójú ọ̀nà, a jẹ́ pé ìgbésẹ̀ kan sọnù nínú àròkọ náà.

Àgbálọgbábọ̀

Ní ọdún 1970, iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Ní ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà tí ó fi èdè abínibí ṣe èdè ìkọ́ni ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n kéde pé wọ́n ti fagi lé e. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ olùkọ́ Yorùbá ni àkókò iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọmọ kò bá rí orúkọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe gbọ́ ní àkókò yìí, kò dájú pé yóò tún gbọ́ ọ ní kíláàsì mìíràn. Àwọn àgbà sì ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ìṣó mẹ́rin àti ègé sáńpépà kan tó láti fi bẹ̀rẹ̀.